Ibùdó Ìdáàbòbò Ohun Àdáyébá Lẹkki

Ibùdó Ìdáàbòbò Ohun Àdáyébá Lẹkki jẹ́ igbó àbàtà tí a dáàbò bò ní agbègbè Lẹkki, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, ó sì wà ní ẹ̀bá òpópónà tí ó lọ láti Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, láàárín ọ̀sà Èkó àti Òkun Àtìláńtíìkì. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1990, àjọ Nigerian Conservation Foundation (NCF) ni ó sì ń ṣe àbójútó rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni ọ̀nà pákó tí ó la inú àbàtà kọjá lábẹ́ òjìji igi, àti afárá orí igi tí ó gùn ní mítà 401, èyí tí a mọ̀ sí èyí tí ó gùn jùlọ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Fún àwọn olùgbé àdúgbò tí èrò kún bíi Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ó wà lára ibi díẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó létí omi láì jáde kúrò nínú ìlú ńlá náà.

Ibi tí ó wà àti bí ilẹ̀ rẹ̀ ti rí

Ibùdó náà wà ní nǹkan bí kìlómítà kọkàndínlógún lójú òpópónà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, ní òdìkejì ọ́fíìsì àgbà ilé-iṣẹ́ epo Chevron. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ fi ń pe ibùdókọ̀ tí ó wà nítòsí rẹ̀ ní Chevron.

Ilẹ̀ Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ. Iyanrìn tí òkun àti odò kó jọ láti ìgbà láéláé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí òkè olókùúta tí omi lè gbẹ́ di àfonífojì jíjìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ojú ọ̀nà tí òjìji bò létí omi ní Èkó kò ní rí i láàárín òkè méjì, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí ti Èkìtì. Inú àbàtà ni yóò ti rí i. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárín òkìtì iyanrìn kan sí èkejì, omi òjò àti omi abẹ́ ilẹ̀ a máa dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Igi tí ó fẹ́ràn omi a hù níbẹ̀, ewé wọn a sì pàdé lókè títí òjìji yóò fi bo ilẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ga díẹ̀ tí omi kì í dúró, koríko ni ó ń gba ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ibùdó náà fi ní igbó àbàtà àti ọ̀dàn nínú, tí ẹni tí ó ń rìn sì lè bọ́ láti inú òkùnkùn igi sí gbangba oòrùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìtàn

Ìtàn ibùdó yìí kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn àjọ NCF. Ní ọdún 1980 ni Olóyè Shafi Lawal Edu dá àjọ náà sílẹ̀. Ìlú Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí Olóyè Edu ní ọdún 1911. Oníṣòwò pàtàkì ni ní Èkó, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ pe àkíyèsí àwọn ọmọ Nàìjíríà sí bí igbó àti ẹranko orílẹ̀-èdè náà ti ń pòórá. Ó di olóògbé ní ọdún 2002.

Ní àwọn ọdún 1980, ìyípadà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá ilẹ̀ Lẹkki. Kí ó tó di ìgbà náà, abúlé apẹja, oko àgbọn, àbàtà àti igbó ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí òpópónà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ṣí agbègbè náà sílẹ̀, ó hàn gbangba pé ìlú yóò nà dé ibẹ̀ láìpẹ́. Àjọ NCF gbèrò láti ya apá kan nínú igbó náà sọ́tọ̀ kí àwọn oníkọ́lé tó dé. Ilé-iṣẹ́ Chevron ni ó kọ́ ibùdó náà fún àjọ náà, ó sì ń fi owó ràn án lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Ní ọdún 1990, ibùdó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ète méjì: láti pa àwọn ohun abẹ̀mí ilẹ̀ etíkun mọ́, àti láti jẹ́ ibi ẹ̀kọ́ nípa àyíká fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ènìyàn. 

Ìran kan péré ti tó láti fi hàn bí ìpinnu náà ti bọ́ sí àkókò. Lónìí, ilé àti ọjà ti yí ibùdó náà ká, kò sì sí igbó mìíràn tí ó tó o ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà pákó

Ọ̀nà méjì tí a fi pákó ṣe ni ó wọ inú igbó náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kan àwọn ilé tí ó wà ní iwájú ibùdó. A gbé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ga sókè díẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, lórí òpó kéékèèké, ìdí mẹ́ta sì wà fún èyí. Èkíní, ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn kò ní rì sínú ẹrẹ̀, kò sì ní pọn dandan fún un láti wọ́ omi nígbà òjò. Èkejì, omi yóò lè máa ṣàn lábẹ́ ọ̀nà láìsí ìdíwọ́. Bí ó bá jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ ni a kó dà síbẹ̀ láti ṣe ọ̀nà, yóò di ògiri tí yóò pín àbàtà sí méjì, apá kan yóò sì gbẹ. Ẹ̀kẹta, gbòǹgbò igi àti àwọn irúgbìn kéékèèké kò ní di ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn àlejò tí ń wọlé lójoojúmọ́.

Lójú ọ̀nà náà ni a ti rí àwọn ibi ìdúró. Ọ̀kan wà fún wíwo àbàtà. Òmíràn jẹ́ ilé kékeré tí ènìyàn ti lè lúgọ kí ó sì máa wo àwọn ẹyẹ láì lé wọn lọ. Ilé orí igi kan náà wà, tí àwọn tí àyà kì í já ń fi àkàbà gùn. Ní iwájú ibùdó, gbọ̀ngàn róbótó kan wà fún ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ilé ìkàwé wà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni pápá tí àwọn ẹbí ti ń jókòó jẹun tí àwọn ọmọdé sì ti ń ṣeré.

Bí ènìyàn bá ti wọ abẹ́ igi, yóò mọ̀ pé ooru dín kù. Kì í ṣe òjìji nìkan ni ó fa èyí. Ewé igi ń tú omi jáde sínú afẹ́fẹ́, bí omi náà sì ti ń di oruku, ó ń gba ooru kúrò ní àyíká, gẹ́gẹ́ bí omi inú ìkòkò amọ̀ ṣe ń tutù nítorí èyí tí ó ń sun jáde lára ìkòkò náà.

Afárá orí igi

Ní ọdún 2015 ni wọ́n parí afárá orí igi tí ó gbé orúkọ ibùdó náà kárí ayé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ilé ìṣọ́ mẹ́fà ni ó so ó ró, okùn irin sì ni a fi so ojú afárá mọ́ wọn, pẹ̀lú àwọ̀n ní ọ̀tún àti ní òsì kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́. Afárá náà ń ga sí i bí a ti ń lọ, títí yóò fi tó nǹkan bí mítà 22 sókè ilẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní ilé ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan, àlejò lè dúró sinmi kí ó sì wo orí igi láti òkè.

A sábà máa ń fi afárá yìí wé èyí tí ó wà ní igbó Kakum ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1995. Ti Kakum gùn ní nǹkan bí mítà 350, ó sì ga ju ti Lẹkki lọ, nítorí pé igi igbó kìjikìji ni ó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ mìíràn ni pé ara igi tí ó wà láàyè ni wọ́n so ti Kakum mọ́, nígbà tí ti Lẹkki dúró lórí ilé ìṣọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ kọ́. Igi àbàtà kì í sábà nípọn tó láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí ó dúró lé sì rọ̀.

Igi àti ẹranko

Ọ̀pẹ àti igi ògùrọ̀ wà lára àwọn igi tí ó ń hù dáadáa nínú àbàtà náà, pẹ̀lú onírúurú ìtàkùn tí ó ń gun igi lọ wá oòrùn. Láàárín àwọn ẹranko, ọ̀bọ ni àwọn àlejò ń tètè rí jùlọ. Irú èyí tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Cercopithecus mona, ọ̀bọ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí àyà rẹ̀ sì funfun, tí ó máa ń gbé lórí igi ní agbo. Èso, ewé àti kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀. Ní ibùdó náà, àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí kò bẹ̀rù ènìyàn mọ́, wọn a máa sún mọ́ àlejò tí ó bá mú ìpápánu lọ́wọ́, wọn a sì já a gbà.

Ọ̀nì, awọ́nríwọ́n, ejò àti ọ̀kẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹja inú adágún. Ọ̀kín àti ìjàpá wà lára àwọn tí a ń tọ́jú ní ìtòsí àwọn ilé. Ẹyẹ oríṣiríṣi ni ó ń gbé inú igbó àti ọ̀dàn náà, àárọ̀ kùtùkùtù ni ohùn wọn sì ń dún jùlọ, kí ariwo ọkọ̀ tó gba òpópónà. Àwọn ẹranko ńlá ṣọ̀wọ́n láti rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jáde lóru, hẹ́kítà 78 sì kéré fún ẹranko tí ó nílò ìrìn jíjìn láti wá oúnjẹ tàbí akọ àti abo.

Àpápá, Ajégúnlẹ̀ àti ibùdó náà

Láti Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ dé ibùdó náà lé ní 20 kìlómítà. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Ajégúnlẹ̀ lè wọ dáńfó ní Boundary lọ sí CMS tàbí Ọbáléndé ní Erékùṣù Èkó, kí ó sì wọ ọkọ̀ Ajah láti ibẹ̀, kí ó sọ̀ ní Chevron. Àwọn mìíràn a máa wọ ọkọ̀ ojú omi láti etí omi Àpápá lọ sí Marina, pàápàá nígbà tí àwọn tírélà èbúté bá ti dí ojú ọ̀nà. Ìrìn-àjò náà lè gba wákàtí kan, ó sì lè gba mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti rí.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibi méjèèjì fi ìdí tí ibùdó náà ṣe ṣe pàtàkì hàn. Omi yí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ká gẹ́gẹ́ bí ó ti yí Lẹkki ká, àbàtà sì wà ní àyíká wọn nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n Àpápá di ilẹ̀ èbúté. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń kọ́ ibùdókọ̀ ojú omi ńláńlá síbẹ̀, èbúté Tin Can Island sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítòsí rẹ̀ ní ọdún 1977. Àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ ní èbúté àti ní àwọn ilé-iṣẹ́ nílò ibi tí wọn yóò máa gbé tí owó ilé rẹ̀ kò ní ga, Ajégúnlẹ̀ sì gbà wọ́n. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ni ó ń gbé níbẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi wá: ajé ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Àwọn ọ̀dọ́ a sì máa pè é ní Jungle City, ìyẹn ìlú igbó kìjikìji, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, iye àwọn olùgbé ìjọba ìbílẹ̀ náà lé ní 680,000 lórí ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 12 níbùú lóròó lọ. Bí a bá fi ìwọ̀n yẹn díwọ̀n hẹ́kítà 78 tí ibùdó Lẹkki gbà, nǹkan bí 43,000 ènìyàn ni ìbá máa gbé lórí ilẹ̀ kan náà. Ìṣirò yìí jẹ́ kí a mọ bí iye owó ilẹ̀ náà ti tó lójú àwọn tí ń wá ilẹ̀ ìkọ́lé, àti ohun tí ìlú fi sílẹ̀ kí igbó náà lè wà. Ó tún jẹ́ kí a rí ìbéèrè kan tí àwọn olùfètò ìlú ń kojú: àwọn tí kò ní igi ní àdúgbò wọn ni ó jìnnà sí igbó jùlọ, àwọn náà ni owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé sì wúwo fún jùlọ. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé ń kó lọ síbẹ̀ wà lára ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ fi ń rí igbó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìwúlò igbó àbàtà fún ìlú

Ohun tí àbàtà ń ṣe fún ìlú kò hàn sójú bí ti ọjà tàbí èbúté. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, ilẹ̀ àbàtà a gba omi mọ́ra, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fi iyanrìn dí àbàtà tí wọ́n sì da kọnkéré lé e, omi kan náà kò ní ibi tí yóò wọ̀ mọ́, yóò sì wá ojú títì àti yàrá ènìyàn lọ. Àwọn olùgbé Ajégúnlẹ̀ mọ èyí dáadáa, nítorí pé àwọn kánààlì tí ó gba àárín àdúgbò wọn kọjá máa ń kún bo bèbè nígbà òjò, pàápàá níbi tí ìdọ̀tí bá ti dí wọn.

Àbàtà tún ń sẹ́ omi. Ẹrẹ̀ àti àwọn ohun ẹlẹ́gbin a máa rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi tó dé ọ̀sà. Ewé àti igi tí ó wó sínú omi tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ kì í tètè jẹrà, nítorí náà erògbà tí ó wà nínú wọn a dúró sínú ilẹ̀ dípò kí ó padà sínú òfuurufú. Àwọn ẹja kan a sì máa yé ẹyin sínú omi tí ó dákẹ́ láàárín gbòǹgbò igi.

Àwọn ìpèníjà

Ìpèníjà tí ó tóbi jùlọ ni pé ìlú ti yí igbó náà ká. Igbó tí a ká mọ́ dà bí erékùṣù: ẹranko inú rẹ̀ kò lè jáde lọ bá irú tirẹ̀ níbòmíràn, irú mìíràn kò sì lè wọlé wá. Bí ìran ti ń rọ́pò ìran, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yóò máa yí po láàárín wọn. Omi náà kò mọ ààlà. Bí wọ́n bá fi iyanrìn gbé ilẹ̀ àyíká ga, omi òjò lè ya wọ inú ibùdó ju bí ó ti yẹ lọ. Bí wọ́n bá sì gbẹ́ kòtò tí ó jìn nítòsí, omi abẹ́ ilẹ̀ lè fà sẹ́yìn kí àbàtà sì gbẹ. Ariwo, iná alẹ́ àti ike tí àwọn ènìyàn ń jù nù wà lára ìṣòro mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni àṣà fífún ọ̀bọ ní oúnjẹ, èyí tí ó ń sọ ẹranko ìgbẹ́ di alágbe.

Àkókò àti ètò ìrìn

Ojoojúmọ́ ni ibùdó náà ń gba àlejò, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn àlejò sì ń san owó ìwọlé. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta tí òjò kì í pọ̀, ọ̀nà pákó a gbẹ, kì í sì í yọ̀. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, òjò a máa pọ̀, omi a sì kún abẹ́ ọ̀nà. Ìgbà náà ni àbàtà ń fi bí ó ti rí gan-an hàn. Bàtà tí kì í yọ̀, aṣọ tí ó bo apá nítorí ẹ̀fọn, àti omi mímu ni àwọn tí ó mọ ibẹ̀ ń mú lọ.

Àwọn ibi mìíràn tí ó jọ ọ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdáàbòbò igbó kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjọ òde òní. Igbó Orò, igbó ìgbàlẹ̀ àti igbó òrìṣà jẹ́ ibi tí èèwọ̀ ti ń ṣọ́ igi àti ẹranko láti ayé àwọn baba ńlá. Èyí tí ó lókìkí jùlọ nínú wọn ni Igbó Ọ̀ṣun ní ìlú Òṣogbo, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75 létí odò Ọ̀ṣun. Ní ọdún 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Susanne Wenger, ayàwòrán àti agbẹ́gilére ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950, bá àwọn oníṣọ̀nà ìlú náà tún àwọn ojúbọ rẹ̀ ṣe, ó sì dúró ti igbó náà títí ó fi kú ní ọdún 2009. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi í sínú àkọsílẹ̀ ohun ìní àjogúnbá àgbáyé.

Ní Ìbàdàn, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ní igbó tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 350 nínú ọgbà rẹ̀, ọ̀nà ìrìn sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ń wo ẹyẹ. Ẹni tí ó bá ń wá àfonífojì olókùúta tí omi ń ṣàn láàárín rẹ̀ lè lọ sí ìṣàn omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìpele méje ni omi náà ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọ̀nà tí ó lọ sókè sì ń gba abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kọjá.